Nọ́ńbà 64 Ń Rìn

Ọjọ́ Àìkú ni, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kejì tí wọ́n nà wá ní 45 sí 7 nínú bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà. Gbogbo ikọ̀ kó ara jọ sínú yàrá kan tó ṣókùnkùn, tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí ò gbẹ. Kóòṣì mú rìmóòtù dání, ó ń yí fídíò ìdíje náà síwá-sẹ́yìn. Tó bá dé ibi tó wù ú, á dá a dúró, á fi iná pupa kékeré kan tọ́ka sí ẹnìkan lára ògiri, á ní, "Ta nìyí?" Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀ ló máa dáhùn.

Ọkàn tèmi balẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní kí n dí lọ́nà, mo dí wọn. Mo tiẹ̀ ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àwọn kan tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa tó kàn. Ló bá dé eré kẹtàlélógún. Quarterback wa, ìyẹn ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, jù ú sí apá òsì pátápátá, ọmọ wa kan hán an, ó ń gbé e sá lọ, àwọn mẹ́ta gbá tẹ̀ lé e. Ní apá ọ̀tún, níbi tí bọ́ọ̀lù ò sí, géńdé kan gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń rìn gbẹ̀fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán lọ ra búrẹ́dì. Nọ́ńbà 64 ló wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, Kóòṣì."

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó jẹ́ kí fídíò náà lọ síwájú díẹ̀. Wọ́n gbá ọmọ wa lápá òsì, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ta, ó tún ta, ó yí wá sí àárín pápá, ibi tí ǹ bá ti dé ká ní mò ń sáré. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kejì ló gbé e. Kóòṣì yí i padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni bọ́ọ̀lù yẹn yí wá síbi tí n ò sí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "64, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré ni mo bẹ̀ ọ́," ó sì tẹ̀síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé Shooting Stars lẹ mọ̀. Bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá ní pápá Lekan Salami ní Adamásingbá. Ti àwọn Amẹ́ríkà ni, bọ́ọ̀lù tó rí ṣóńṣó lórí àti nídìí, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Ènìyàn mọ́kànlá sí mọ́kànlá ni, pápá náà sì gùn ní 100 yáàdì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún yín láti fi gba 10 yáàdì síwájú. Tẹ́ ẹ bá gbà á, wọ́n á tún fún yín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Tẹ́ ò bá gbà á, bọ́ọ̀lù di tiwọn. Eré kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ kí fèrè tó dún. Wàá dìde, wàá sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdíje kan, a lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 60 tàbí 70. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró níwájú quarterback, kí n sì fi àyà mi ṣe ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í sábà fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ó lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ rí, àfi tó bá ṣẹ̀.

Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí mo kúrò ní Ìbàdàn wá bá àwọn òbí mi ní Baltimore. Ní ilé-ìwé girama ni kóòṣì kan ti rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo èjìká mi, ó ní ṣé mo ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù tí mo ní lọ́kàn kọ́ ló ní lọ́kàn. Nígbà tí Dádì mi kọ́kọ́ rí mi pẹ̀lú akoto àti páàdì èjìká, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé torí kí àwọn ọmọ olọ́mọ lè máa kàn ẹ́ láyà bí àgbò ni mo ṣe sanwó físà?" Mo fi orúkọ Kabeer Gbaja-Biamila hàn wọ́n lórí fóònù, ẹni tó gbá fún Green Bay Packers, kí wọ́n lè rí i pé orúkọ ilé wa náà wà níbẹ̀. Wọ́n kà á, wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Gbàjàbíàmílà yẹn, wọ́n ń sanwó fún un. Ìwọ ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó gbà mí, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ìpele kẹta ló wà nínú NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Division III. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpele yìí kì í fún ẹnikẹ́ni ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ nítorí eré ìdárayá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ tún máa jí láàárọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n lè gbá yín lulẹ̀. Ẹ rò ó wò: kí ni kóòṣì fẹ́ fi dẹ́rù bà yín? Kò lówó tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwa bí 90 la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òtútù oṣù kọkànlá fi dé, a ò pé 65 mọ́. Ìdíje mẹ́wàá la ṣe, ẹyọ kan la borí.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú láti ki wá láyà o. Wọ́n tẹ aṣọ tó ní ọ̀rọ̀ ńláńlá láyà fún wa. Wọ́n mú ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì wá, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko nípa bí wọ́n ṣe ń sùn sínú ẹrẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an ni. Àwa kan ń lu àpótí aṣọ wa gbàgbàgbà, àwọn kan ń sunkún. A jáde bí ẹkùn lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 14 sí òdo. Ọ̀rọ̀ ìwúrí dára, mi ò bú u, ṣùgbọ́n ẹnìkan tó wúwo jù ẹ́ lọ á sáré wá gbá ẹ láyà, ọ̀rọ̀ yẹn á sì bá èémí ẹ jáde.

Wọ́n tún gbìyànjú ìyà. Tí ẹnìkan bá pẹ́, gbogbo wa la máa sáré. Èyí burú ju ti ológun lọ. Gbogbo wa ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo wa ń bínú, ẹni tó pẹ́ náà wà láàárín wa tó ń bínú bíi tiwa, a sì jọ ń bú kóòṣì lábẹ́lẹ̀. Ìyà tó bá kárí, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ tirẹ̀.

Èmi gan-an wà lára àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ jù ní ilé oúnjẹ. Mo á ní àwọn tó wà níwájú ni ò ṣe dáadáa, mo á ní àwọn ọmọ ọdún kìíní ò fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ní ẹ̀rí fún gbogbo wọn. Ohun tó jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú yẹn dùn mí nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n mú mi nìkan. Nígbà tí mo padà lọ wo fídíò ìdíje náà lórí kọ̀ǹpútà, tí mo fi ojú wá nọ́ńbà 64 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbà mọ́kànlá ni mo rí ara mi tí mò ń rìn kí fèrè tó dún. Ìgbà mọ́kànlá! Tí wọ́n bá ní kí n búra ní ọjọ́ Sátidé, ǹ bá fi Bíbélì búra pé mo sá gbogbo ẹ̀. Irọ́ kọ́ ni mò ń pa. Ara mi ló ti kọ́ bó ṣe máa sinmi níbi tí n ò ti ní ri í.

A máa ń rin ìrìn wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì tí ìdíje bá jẹ́ ti òkèèrè. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìrìn yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n tún ti nà wá, balógun ikọ̀ wa ń ka ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó jìyà jù wá lọ. Prairie View A&M ní Texas pàdánù ìgbà 80 tẹ̀ lé ara wọn, láti 1989 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 tí wọ́n borí Langston ní 14 sí 12. Inú wa dùn. Èyí tí àwọn kóòṣì fẹ́ràn jù ni ti Northwestern: ìgbà 34 ni wọ́n fìdí rẹmi léraléra, wọn ò bọ́ nínú rẹ̀ títí di 1982, wọ́n sì wá dé Rose Bowl, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje tó lókìkí jù fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní sáà 1995. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé alẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọdún mẹ́tàlá ló wà láàárín. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun táwọn ọmọ 1987 ń ṣe ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Rose Bowl ò sí lójú ọ̀nà.

Sáà 2022 ni àwọn balógun ikọ̀ lọ bá kóòṣì pẹ̀lú òfin tuntun. Wọ́n pín wa ní méjì-méjì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń gbé irin. Tí o bá pẹ́, ìwọ kọ́ lo máa sáré o. Ẹnìkejì rẹ ló máa sáré. Ìwọ á dúró, wàá máa wò ó.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kà á sí wa létí. Mo ní òfin ọmọdé nìyí.

Ẹni tí wọ́n fún mi jẹ́ ọmọ oníṣẹ́ màlúù láti abúlé kan ní Pennsylvania níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Láti kékeré ló ti ń fún wàrà màlúù kó tó lọ sílé-ìwé, nítorí náà aago mẹ́fà kì í ṣe àárọ̀ lójú tirẹ̀, ọ̀sán ni. Mo máa ń pè é ní Àgbẹ̀. Ó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sọ ọ́ fún un, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀ kan, mo la ojú mo sì rí i pé ojú ọjọ́ ti mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, ìwé kọ́ ni mo kà mọ́jú. Àwọn aláwàdà Nàìjíríà ni mò ń wò lórí fóònù títí aago méjì òru. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo sáré jáde láì fọ ẹnu, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́.

Kùrukùru ṣì wà lórí pápá. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń sáré níbẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ kan pápá náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, 53 yáàdì àti díẹ̀, ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin yìí ni wọ́n ń kà sí ẹyọ kan. Ẹyọ mẹ́ta ni wọ́n fún un. Mo fẹ́ bọ́ sórí pápá, mo ní kí n bá a ṣe é, kóòṣì kejì fọwọ́ kàn mí láyà. "Ibi tó o wà yẹn ni kó o dúró sí." Mo dúró. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ọwọ́ mi ṣe. Mo ká a sáyà, ó dà bíi pé ọ̀gá rẹ̀ ni mí. Mo fi sẹ́yìn, ó dà bí ẹlẹ́wọ̀n. Ìrì ti rin bàtà rẹ̀, ó ń dún ṣàkàṣàkà ní gbogbo ìgbà tó bá yípadà lọ́dọ̀ mi, kò sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó parí ẹyọ kẹta, ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wàrà funfun ni gbogbo ẹ̀. Ó fi aṣọ nu ẹnu, ó rìn wá bá mi.

Mo ti ń ṣètò èsì. Bó bá bú mi, màá bẹ̀ ẹ́. Bó bá bú mi jù, èmi náà á bú u.

Ó ní, "Ṣé ara rẹ yá? Mo rò pé àìsàn ló ṣe ẹ́."

Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ló ń ṣe. Mo wò ó lójú, mo rí i pé ó ń bèèrè tọkàntọkàn ni. Ojú tì mí débi pé mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, inú ló ń run mí. Mo wá ní ẹ̀ṣẹ̀ méjì lọ́rùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ òótọ́ fún un. Ó ní kò burú, ó ní ṣé màá mu mílíìkì.

Bàbá bàbá mi ń dáko ní abúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ àáró fún wa tá a bá lọ ìsinmi. Àwọn márùn-ún ló ń yá ara wọn lọ́wẹ̀, oko èyí lónìí, oko tọ̀hún lọ́la. Ó ní ọ̀kan nínú wọn wà tó jẹ́ pé tó bá dé oko ẹlòmíràn, ebè tó máa kọ á kéré bí ebè tí ọmọdé fi ń ṣeré. Wọn ò bú u. Nígbà tí àáró kan oko tirẹ̀, gbogbo wọn dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n kọ ebè tó ga dé orúnkún. Oòrùn wọ̀, wọn ò ṣíwọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n káàkiri oko pé ó tó, ó ti tó, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá àgbà á wá rẹ́rìn-ín títí, àwa ọmọdé ò ní rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni mí lórí pápá yẹn, bàtà kan lọ́wọ́ mi, kí n tó gbọ́ ìtàn náà yé.

Láti ọjọ́ náà, aago méjì ni mò ń yí. Ọ̀kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí, èkejì wà nínú bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé òfin yẹn ò ní àbùkù. Ọmọ kan wà láàárín wa tó pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnìkejì rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù hán jù, ló sáré lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ó sì bú sí i ní ilé oúnjẹ lójú gbogbo ayé. Ó pè é ní ọ̀lẹ, ó ní kó fi ikọ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan lòun ti ń kó páálí lóru títí di aago mẹ́rin àárọ̀, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ òun ò pé. Ó ní ìgbà tóun bá pẹ́, òun ò tíì fojú kan ibùsùn ni.

Gbogbo tábìlì dákẹ́. A ti jọ wà fún ohun tó lé ní ọdún kan. A mọ iye kílò tó lè gbé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí pé níbo ló ti ń bọ̀.

Ó dé etí kóòṣì. Wọ́n yí àkókò irin tirẹ̀ sí ọ̀sán. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nínú yàrá tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ yẹn, kóòṣì dá fídíò dúró níbi tí a ti nílò yáàdì kan péré ní ìgbà kẹrin, tí wọ́n sì pe eré tí ẹnikẹ́ni ò retí, tó bà wá nínú jẹ́. Kò sí ọmọ wa kankan tó ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ta nìyí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní, "Èmi nìyí. Èmi ni mo pè é. Àṣehàn ni mo ń ṣe." Ó tún ní òun ń fún àwọn kan lórúkọ láì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n lóru, pé ẹ̀ṣẹ̀ òun nìyẹn náà. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni òfin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di òfin. Títí di ìgbà yẹn, ọlọ́pàá ni.

Àwọn kóòṣì ń ka ìmẹ́lẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìdíje, iye ìgbà tí wọ́n rí ẹnikẹ́ni tó ń rìn kí fèrè tó dún. Lọ́jọ́ 45 sí 7 yẹn, 41 ni gbogbo wa ní, èmi nìkan sì ni mo ní mọ́kànlá nínú rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá 2022 fi máa parí, a ti ṣe ìdíje kan tí a ní mẹ́sàn-án, wọ́n ṣì nà wá. Àwọn tó ga jù wá tí wọ́n sì yára jù wá ò dín gíga kù nítorí pé à ń sáré. Ìdíje mẹ́ta la borí nínú mẹ́wàá. Ní sáà yẹn kan náà ni Olusegun Oluwatimi gba Rimington àti Outland, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn oníṣẹ́ iwájú, ní Yunifásítì Michigan; láìnì tó ń dáàbò bo quarterback bíi tèmi ló wà. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé Virginia, láìsí owó ìrànwọ́ eré ìdárayá ló fi wọ ikọ̀ wọn. Mo sọ ọ́ fún Dádì. Wọ́n ní, "Ehn-ehn," bí ẹni tó gbọ́ pé ẹyìn ti gbówó lórí.

Ṣùgbọ́n wọ́n wá. Ìdíje tó kẹ́yìn, nínú oṣù kọkànlá, wọ́n ti iṣẹ́ òru wakọ̀ wá tààrà, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì léra, wọ́n gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù dání. A pàdánù ní 20 sí 17. Lẹ́yìn rẹ̀, a jókòó sẹ́yìn mọ́tò wọn, èmi àti Àgbẹ̀, à ń jẹun nínú òtútù.

"Mo rí ẹ," Dádì ní. "Nọ́ńbà 64."

"Ẹ ṣeun, Dádì."

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù yẹn sí apá ọ̀hún, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọmọ yẹn lulẹ̀ tán, ìwọ nìkan lo ń sáré lọ síbẹ̀ láti òdìkejì. O dé ibẹ̀, o ò fọwọ́ kan nǹkan kan, o tún sáré padà. Ó tó ìgbà mẹ́wàá. Kí lo gbàgbé síbẹ̀?"

Àgbẹ̀ ní kí ni wọ́n sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín pa á débi pé ata ta á lórí, ó ń wúkọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Dádì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú síbí dání, wọ́n ń dúró de èsì.